Èló Ni Ipò Kìn-ín-ní? Bí Ìpolówó Ṣe Ń Dé Òkè lórí Google

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣòwò, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá èèyàn ṣe ìpolówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ooru tí a jọ ń mú mọ́ra nínú gbọ̀ngàn yìí. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi ni àwọn kan ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló gan-an ni wọ́n ń gbà fún ipò kìn-ín-ní lórí Google?" Mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìsọ̀ ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn níbí, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè náà nìyẹn: èló ni, ta la máa san án fún, ọdún mélòó la máa lò níbẹ̀? Ìbéèrè yẹn ò bá Google mu. Kò sẹ́ni tó ń ta ipò níbẹ̀, kò sì sí owó kan tí ẹ lè san lónìí tí ipò náà á fi di tiyín títí di ọjọ́ Ẹtì.

Gbàǹjo ni. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí ìwádìí, gbàǹjo tuntun ló dá sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti sọ fún Google pé òun fẹ́ kí ìpolówó òun jáde lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà á kó jọ. Á wo iye tí kálukú lóun lè san, á wo àwọn nǹkan mìíràn tí a máa tó dé orí wọn, á tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì lé àwọn kan jáde pátápátá. Gbogbo rẹ̀ á ti parí kí ojú ìwé tó ṣí. Bí ẹlòmíràn bá tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, gbàǹjo mìíràn nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń wá inverter láti Mọ́níyà lálẹ́ fi lè má rí orúkọ tí ẹni tó wà ní àdúgbò Challenge rí lọ́sàn-án.

Ohun tí mo bá wá ò ju èyí lọ: owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń borí nínú gbàǹjo yìí, ẹni tó sì borí lè jẹ́ ẹni tí èrè rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un, torí pé gbogbo òfin tó wà nínú gbàǹjo náà lónìí, wàhálà kan ló bí i. Ní 1998, ní Kalifọ́níà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Gross gbé GoTo.com jáde. Ẹ̀rọ ìwádìí ti pọ̀ nígbà yẹn, àmọ́ pàǹtírí ló kún inú wọn. Ẹ lè wá mọ́tò kí wọ́n kó àwòrán ìhòòhò lé yín lọ́wọ́, torí pé àwọn oníjìbìtì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ náà jẹ. Èrò Gross ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ wà lókè máa sanwó, kó má sì san án àfi bí ẹnì kan bá tẹ líǹkì rẹ̀. Oníjìbìtì wo ló máa fi owó ara rẹ̀ pe ẹni tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọjà rẹ̀? Ó sì ṣe gbogbo rẹ̀ ní gbangba. Iye tí kálukú ń san wà lára ìpolówó rẹ̀ níbẹ̀, tí gbogbo ayé ń kà á. Àwọn kan bú u pé èsì ìwádìí kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn máa tà. Owó wọlé ṣáá.

Àmọ́ àléébù kan wà níbẹ̀. Iye tí ẹ bá pè gan-an lẹ máa san. Ká sọ pé ẹnì kejì yín pe 40 sẹ́ǹtì, ẹ̀yin pe dọ́là kan. Ẹ wà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n 59 sẹ́ǹtì lẹ ń sọ nù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ ẹ́, torí pé 41 ì bá ti tó yín. Bí ẹ bá ti fura, ẹ máa já a wálẹ̀ sí 41. Ẹnì kejì á rí i, á gbé tirẹ̀ sí 42. Ẹ̀yin náà á bọ́ sí 43. Báyìí ni wọ́n á máa gun ara wọn lórí títí ọ̀kan á fi rí i pé kò sí èrè níbẹ̀ mọ́, á jábọ́ sísàlẹ̀, ẹni tó kù lókè náà á sáré tẹ̀ lé e wálẹ̀, eré á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó yẹ àkọsílẹ̀ gbàǹjo náà wò lẹ́yìn náà rí i kedere: iye owó ń gùn díẹ̀díẹ̀, ó ń já wálẹ̀ lójijì, ó ń gùn, ó ń já. Àwọn kan tilẹ̀ lo ètò kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó ti gbàǹjo náà tọ̀sán-tòru, kó máa fi sẹ́ǹtì kan kún un, kó máa yọ sẹ́ǹtì kan kúrò.

Google ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ AdWords, ìyẹn ètò ìpolówó rẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000 pẹ̀lú 350 olùpolówó, orí iye ìgbà tí ìpolówó bá hàn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gbowó sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2002 ni wọ́n sọ ọ́ di gbàǹjo tí èèyàn fi ń sanwó kìkì bí wọ́n bá tẹ ìpolówó rẹ̀. Wọ́n gba ọgbọ́n Gross, àmọ́ wọ́n tún un ṣe ní ọ̀nà méjì. Lọ́nà kan, ẹ ò ní san iye tí ẹ pè mọ́; ìwọ̀nba tó máa mú yín ga ju ẹni tó wà lábẹ́ yín lẹ máa san, nítorí náà ẹni tó wà lókè ò ní ìdí láti máa sáré já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀nà kejì ló wúwo jù. Google ò fi owó nìkan to àwọn èèyàn mọ́. Ó wo bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ ìpolówó kálukú sí, ó fi ìyẹn sọ iye tó pè di púpọ̀, ibi tí èsì rẹ̀ bá bọ́ sí ni ipò onítọ̀hún.

Ẹ má rò pé àánú oníṣòwò kékeré ló ń ṣe wọ́n. Ẹni tó pe ₦1,000 tí ẹnikẹ́ni ò tẹ ìpolówó rẹ̀, òfo ló mú wọlé fún Google. Ẹni tó san ₦300 tí èèyàn 10 tẹ̀ ẹ́, ₦3,000 ló mú wá. Owó ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi fẹ́ràn ìpolówó tó wúlò. Ṣùgbọ́n níbi tí ire wọn àti ire yín ti pàdé yìí gan-an ni ẹni tí kò lówó púpọ̀ ti lè rí ọ̀nà kọjá.

GoTo, tó ti di Overture ní 2001, pe Google lẹ́jọ́ ní 2002 pé òun lòun ni ẹ̀tọ́ sí ọgbọ́n náà. Yahoo ra Overture ní 2003, ẹjọ́ náà sì parí ní 2004 nígbà tí Google gbé ìpín 2.7 mílíọ̀nù nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra ìpín, ẹ lọ fi ìyẹn ṣírò nílé.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wálé. Ká sọ pé ẹni mẹ́ta ló ń ta inverter tí wọ́n sì ń bá èèyàn to sólà sórí òrùlé nílùú yìí. Ẹnì kan tẹ "inverter installation Ibadan" sínú fóònù rẹ̀. Àlàdé pe ₦800, Ṣẹ́gun pe ₦600, Bísí pe ₦500. Bó bá ṣe owó nìkan ni, Àlàdé ti gba òkè. Àmọ́ máàkì wà tí Google ń fún ìpolówó kálukú, ká sọ pé láti 1 dé 10. Ìpolówó Àlàdé kò sọ nǹkan gidi kan, ojú ìwé rẹ̀ kì í sì í tètè ṣí: ó gba 3. Ṣẹ́gun gba 5. Bísí gba 8. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀. Àlàdé ní 2,400, Ṣẹ́gun ní 3,000, Bísí ní 4,000. Bísí tó pe owó tó kéré jù ló wà lókè.

Ó wá kù síbi tó dùn. Èló ni Bísí máa san? Kó lè ju 3,000 ti Ṣẹ́gun lọ pẹ̀lú máàkì 8 tó ní, ₦375 àti díẹ̀ lé ti tó o. Ṣẹ́gun ńkọ́? Òun ní láti ju 2,400 ti Àlàdé lọ pẹ̀lú máàkì 5: ₦480 àti díẹ̀ lé. Ẹ tún un wò. Ẹni tó wà lókè ń san owó tó kéré sí ti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, lórí oníbàárà kan náà, láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Bí Àlàdé bá fẹ́ fi owó lé Bísí kúrò níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pe ohun tó ju ₦1,333 lọ. Á ti tà kí ó tó mọ̀ pé gbèsè lòun ń tà.

Ìṣirò orí pátákó lèyí o. Google fúnra rẹ̀ sọ pé Quality Score, ìyẹn máàkì tí ẹ ń rí nínú àkáǹtì ìpolówó yín, kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ń gbé wọ inú gbàǹjo. Àmì ni wọ́n fi ṣe, kí ẹ lè mọ ibi tó ti ń dùn yín. Èyí tí ẹ̀rọ ń lò, ìgbà tí ìwádìí bá wáyé ló ń ṣírò rẹ̀, ó sì ń wo ibi tí ẹni náà wà, irú ẹ̀rọ tó fi ń wá a, aago tó lù, àti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ gan-an. Òṣùwọ̀n kan tún wà tí ìpolówó gbọ́dọ̀ kọjá kó tó lè dé òkè rárá. Bí tiyín ò bá kọjá rẹ̀, òkè lè ṣófo kí ẹ má sì ríbẹ̀ wọ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń pe owó.

Kí ló wà nínú máàkì ọ̀hún? Bóyá àwọn èèyàn máa tẹ̀ ẹ́, bóyá ìpolówó náà bá ohun tí wọ́n ń wá mu, àti irú ibi tí wọ́n bá ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí díẹ̀, torí pé ibẹ̀ lówó yín wà.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ "inverter" yìí. Ẹni tó ń ta á rò pé ọ̀rọ̀ tòun ni. Ẹ lọ ṣí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní search terms nínú àkáǹtì yín. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ gan-an tí ìpolówó yín fi jáde. Ẹ máa bá "inverter AC" níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù lonítọ̀hún ń wá. Ẹ máa bá "inverter fridge". Ẹ máa bá "inverter welding machine", "inverter circuit diagram", "inverter training", "inverter technician salary". Ẹnì kan fẹ́ ra fíríìjì, wẹ́dà kan ń wá irinṣẹ́, ọmọ iléèwé kan ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹnì kan ń wá iṣẹ́ oṣù. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó fẹ́ kí ẹ wá gun òrùlé òun. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, owó yín lọ. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé ẹ ń kó ìpolówó tí kò wu ẹnikẹ́ni jọ sórí orúkọ yín.

Oògùn rẹ̀ ni negative keywords, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́. Ẹ kọ AC síbẹ̀, ẹ kọ welding, diagram, training, salary. Bí ẹ bá kọ fridge, ẹ kọ fridges náà, torí pé níhà yìí ẹ̀rọ ọ̀hún kì í bá yín ro ó pé ẹyọ kan àti púpọ̀ jọ ń lọ. Kí ẹ sì mọ bí ẹ ṣe kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ lásán, Google á na ọwọ́ dé ibi tó bá wù ú. Bí ẹ bá fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, ó mọ níwọ̀n. Bí ẹ bá fi àkámọ́ onígun mẹ́rin há a, ó há jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí owó ojúmọ́ rẹ̀ kò pọ̀, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn kó kọ ọ́ lásán, ohunkóhun tí àpótí ìmọ̀ràn inú àkáǹtì rẹ̀ ì báà máa sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ inú ìpolówó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2022, irú èyí tí ẹ lè dá sílẹ̀ ni èyí tí ẹ ti máa kọ àkọlé tó tó 15, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 30 lọ, àti àlàyé mẹ́rin tí kò ju lẹ́tà 90 lọ, kí ẹ̀rọ wá máa tò wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú. Ohun tí mo sì ń bá nínú àkáǹtì àwọn èèyàn wa jù ni ìyìn: "Quality Service", "Best in Nigeria", "Your Trusted Partner". Gbogbo ayé ló ti kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó máa fi ìyẹn mọ̀ yín yàtọ̀. Ẹni tí ó ń wá inverter lálẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń ké mọ́ ọn lórí, kí ló fẹ́ mọ̀? Bóyá 3kVA tàbí 5kVA ló máa gbé fíríìjì rẹ̀. Bóyá bátìrì lithium ni ẹ ń tà tàbí tubular. Bóyá ẹ ń dé Akóbọ̀ àti Àpáta. Bóyá ó lè san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn. Ẹ lè kọ iye owó síbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan á sọ fún yín pé ó máa lé èèyàn, òótọ́ sì ni, àmọ́ àwọn tí kò ní í rà ló máa lé, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ tún fi nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù àti líǹkì àwọn ojú ìwé mìíràn kún un. Google ò gba owó ọ̀tọ̀ lórí wọn, ẹ̀rọ náà sì ń kà wọ́n mọ́ ohun tó ń gbé ipò yín ga. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé èèyàn á pe owó gọbọi, á sì fi èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀.

Nípa ojú ìwé tí oníbàárà máa bá, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ má ṣe ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó wà lórí Wi-Fi. Ẹ yá fóònù ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dára, ẹ kọ àdírẹ́sì ojú ìwé náà síbẹ̀, kí ẹ sì ṣí i pẹ̀lú dátà. Bí àwòrán ńlá mẹ́rin bá ń yí lórí rẹ̀ kí ẹ tó rí ọ̀rọ̀ "inverter", ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa bá ẹni tó ṣe é yín sọ.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ìpolówó ń jáde dé. Bí ẹ bá yan Ìbàdàn, Google kì í fi mọ sí àwọn tó wà ní Ìbàdàn bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án. Ó ń kó àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí Ìbàdàn mọ́ ọn. Àwọn tó ń kọ́ni máa ń sọ pé kí ẹ pa ìyẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún ẹni tó ń ta oúnjẹ ọ̀sán, òótọ́ ni. Fún oní-inverter, ẹ rọra. Ta ló ń sanwó sólà tó wà lórí ilé Màmá ní Òlúyọ̀lé? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tó wà ní London tàbí Houston ni, òun náà ló sì ń wá a láti ibẹ̀. Ẹ dá ìpolówó tiwọn sọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ẹni tó ń sanwó láti òkèèrè mu.

Wàyí o, "òkè" tí à ń pariwo rẹ̀ yìí, níbo ló wà gan-an? Títí di oṣù Kejì ọdún 2016, ìpolówó máa ń wà lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà. Google kó wọn kúrò níbẹ̀, ó wá ku bíi mẹ́rin lókè àti díẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà ni ìjà orí òkè ti le, torí pé ìsàlẹ̀ yẹn, ta ló ń yí i débẹ̀ lórí fóònù? Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ ipò yín ní ìpíndọ́gba fún yín. Wọ́n yọ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Ó tọ́ tí wọ́n yọ ọ́, torí pé ẹni tó wà ní ipò 1 lè wà nísàlẹ̀ ojú ìwé bí ẹnikẹ́ni ò bá dé òkè. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ń sọ fún yín bí ẹ ṣe wà lára àwọn tó wà lókè tó, àti bí ẹ ṣe ṣíwájú gbogbo wọn tó. Ní 2024, wọ́n tún yí ìtumọ̀ òkè padà: ìpolówó òkè lè wà lábẹ́ èsì ìwádìí àkọ́kọ́ nígbà mìíràn.

Nọ́ńbà méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bí ẹnì kan bá gbé àkáǹtì rẹ̀ wá fún mi. Ọ̀kan ń sọ iye gbàǹjo tí ẹ pàdánù torí pé owó ojúmọ́ yín ò tó, èkejì ń sọ èyí tí ẹ pàdánù torí pé ipò yín kéré. Bí owó bá ni, tí ẹ sì ń pè jù, ẹ dín iye tí ẹ ń pè kù kí owó náà lè dé alẹ́. Bí ipò bá ni, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ìpolówó àti ojú ìwé kí ẹ tó fi náírà kan kún un. Àwọn tó ń ṣe é lódì pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe é bó ṣe yẹ lọ.

Ká wá dáhùn èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè: ṣé òkè náà tiẹ̀ tó owó tí ẹ fẹ́ fi dé e? Ká sọ pé ní ipò kẹta, èèyàn 40 ń tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀, ẹ sì ń san ₦300 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦12,000 nìyẹn. Ẹ gun òkè, èèyàn 60 wá ń tẹ̀ ẹ́, ní ₦500. ₦30,000. Ẹnu yín á máa sọ pé oníbàárà lé ní 20, ₦500 péré la sì ń san. Irọ́ ni. Àwọn 20 tó lé yẹn, ₦18,000 ni wọ́n ná yín: ₦900 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn 40 tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ náà ti wọ́n lé yín lórí. Bí ẹnì kan tó tẹ̀ ẹ́ bá ń mú èrè ₦600 wọlé fún yín, kí ẹ tó yọ owó ìpolówó, ₦12,000 ló ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín ní ipò kẹta. Lókè, ₦6,000. Ẹ ti gbé ara yín ga, ẹ sì ti dá èrè yín sí méjì. Hal Varian, ọ̀jọ̀gbọ́n tó di ọ̀gá àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Google, ti ṣàlàyé ìṣirò yìí fún àwọn olùpolówó: owó orí ẹni tó lé ni kí ẹ wò, ẹ má wo ìpíndọ́gba. Google ló ń san owó oṣù fún un nígbà náà, síbẹ̀ ìmọ̀ràn yẹn lè dín owó Google kù. Mo fọwọ́ sí i.

Ẹ wá ṣọ́ra fún ètò tí wọ́n ń pè ní Target impression share. Ẹ lè sọ fún un pé òkè pátápátá lẹ fẹ́ wà, nínú gbàǹjo 90 nínú 100. Ó máa gbìyànjú. Kì í bèèrè bóyá ẹ jẹ èrè. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi òdiwọ̀n sí i, iye tí kò gbọdọ̀ pè kọjá. Owó tí wọ́n sì ń pè ní ti gbàǹjo yìí, ọwọ́ Google ò kúrò lára rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ní ilé ẹjọ́ ní Washington, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti pe Google lẹ́jọ́, Jerry Dischler, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ìpolówó wọn, jẹ́rìí pé àwọn máa ń yí gbàǹjo náà lọ́nà tí owó á fi gbé pẹ́ẹ́lí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn kó tó 10 lórí àwọn ìwádìí kan, àti pé àwọn kì í sábà sọ fún olùpolówó. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Adájọ́ Amit Mehta dá a pé Google rú òfin tó de ẹni tó ń dá ọjà gbà.

Àkókò ìbéèrè la wà báyìí. Ìyá kan bèèrè pé bí ẹni tí wọ́n jọ ń tajà bá ń tẹ ìpolówó òun láti fi jẹ owó òun tán ńkọ́. Mà, Google ní ẹ̀rọ tó ń yọ irú ìtẹ̀kutẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní gba owó èyí tó bá mú. Ẹ lè fi òpó invalid clicks kún ohun tí ẹ ń wò, ẹ máa rí iye tó yọ. Kò lè mú gbogbo rẹ̀, àmọ́ aládùúgbò tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá pẹ̀lú fóònù kan ò fi bẹ́ẹ̀ lè pa yín lára.

Ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́yìn lóun ń wá ìpolówó òun láràárọ̀, òun ò rí i. Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Bí ẹ bá ń wá a tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé ìpolówó yẹn ò wù yín, ó sì lè ṣíwọ́ fífi í hàn yín. Inú àkáǹtì yín, ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ Ad Preview and Diagnosis. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ẹ yan ìlú, á fi hàn yín láìba nǹkan kan jẹ́, á sì sọ ìdí tí kò fi jáde.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn: ṣé kí èèyàn máa sanwó lórí orúkọ ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀? Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, eBay, ilé ìtajà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, dá irú owó bẹ́ẹ̀ dúró lórí Yahoo àti ẹ̀rọ ìwádìí Microsoft. Èsì rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Blake, Nosko àti Tadelis, tẹ̀ jáde ní 2015, ni pé ìdá 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ì bá tẹ ìpolówó náà gba líǹkì ọ̀fẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wọlé. Wọ́n tún rí i pé lórí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn tí kò mọ eBay dáadáa ni ìpolówó ń mú wá. Àwọn tó ti ń rajà níbẹ̀ déédéé, wọ́n á wá bí wọ́n rí i, wọ́n á wá bí wọn ò rí i. eBay tóbi, ẹ̀yin ò tíì tó o, bí ẹlòmíràn bá sì ń pe owó lórí orúkọ yín, èyí tí òfin Google gbà láyè, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Nítorí náà, ẹ má gba tèmi, ẹ má gba ti eBay. Ẹ pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ máa ka iye ìpè tó ń wọlé. Bí ìpè ò bá dínkù, ẹ kó owó náà lọ sórí "inverter installation Ibadan", níbi tí ẹni tó ń wá a kò tíì gbọ́ orúkọ yín rí.